Pépà wo ló yẹ káàdì ọdún? Ìdáhùn sí ìbéèrè ẹ̀yin òǹkàwé

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè lórí káàdì ìkíni ló máa ń pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí a ń rí gbà. Ẹnì kan á ti ra pépà tán kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ òun kò lè gbé e. Ẹlòmíràn á ti tẹ gbogbo káàdì tán, bírò á wá kọ̀ láti kọ lára rẹ̀. A ṣa mẹ́jọ jọ nínú ìbéèrè yín. Ẹ óò rí i pé ibì kan náà ni ìdáhùn wa ń forí lé: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ tí yóò tẹ káàdì, bí ẹ ó ṣe ká a àti ohun tí ẹ ó fi kọ ọ́, kí ẹ tó máa wo ẹwà pépà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n ní kí n ra pépà 300 gsm. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, mo rí èyí tí wọ́n kọ 100 lb sí lára, mo tún rí 110 lb. Èwo ló wúwo jù nínú wọn? — Ẹni tí nọ́ńbà ń dà láàmú

Ìdáhùn: gsm ni iye gíráàmù tí pépà yóò wọ̀n bí wọ́n bá gé e ní mítà kan níbùú, mítà kan lóòró. Pépà ọ́fíìsì ojoojúmọ́ jẹ́ 80 gsm. Káàdì tí ẹ ó ká sí méjì, 250 sí 300 gsm ló bá a mu. Káàdì pẹlẹbẹ tí ẹ kò ní ká, ẹ wá 300 sí 350. Bí pépà bá fúyẹ́ ju 200 gsm lọ, káàdì tí ẹ ká kò ní lè dá dúró lórí tábìlì. Yóò máa tẹ̀, yóò sì ṣubú. Èyí tó bá kọjá 350, kíká rẹ̀ di wàhálà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú ilé kò sì ní gbà á wọlé.

Àmì lb dúró fún pọ́ùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń lò ó, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú. Ewé pépà 500 ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n bí ewé náà ṣe tóbi tó kò dọ́gba láàárín oríṣi pépà kan sí òmíràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní "cover" jẹ́ 20 × 26 íǹṣì. Èyí tí wọ́n ń pè ní "text" jẹ́ 25 × 38. Ìdí nìyẹn tí 100 lb cover fi jẹ́ nǹkan bí 270 gsm, tí 100 lb text kò fi ju nǹkan bí 148 gsm lọ. Nọ́ńbà kan náà, àmọ́ ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì èkejì. Ní ti 110 lb tí ẹ rí, bó bá jẹ́ cover, nǹkan bí 300 gsm ni. Bó bá jẹ́ index, tó jẹ́ oríṣi pépà mìíràn, kò ju nǹkan bí 200 lọ. Ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé nọ́ńbà náà. Bí wọ́n bá kọ gsm sí ara páálí rẹ̀, èyíinì ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ohun kan ṣì kù o. Ìwúwo àti ìnípọn kì í ṣe ohun kan náà. Pépà dídán, wọ́n ti kun ojú rẹ̀, wọ́n sì ti fi irin tẹ̀ ẹ́ kó lè jọ̀lọ̀, nítorí náà 300 gsm tó dán máa ń fẹ́lẹ́ ju 300 gsm tí kò dán lọ. Bí pépà tí kò dán bá tẹ́ yín lọ́rùn ní 300, tí ẹ wá fẹ́ èyí tó dán tí yóò le bákan náà lọ́wọ́, ẹ lọ sí 350.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ́n yíńkì ni mo ní nílé. Mo fi pépà dídán tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá ń lò sí i, yíńkì bá dúró lójú rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Dọjọ́ kejì, ó ṣì ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé yíńkì yẹn ni kò dáa ni? Èyí tó nípọn jù nínú wọn tiẹ̀ há sínú ẹ̀rọ. — Aláfọwọ́tẹ̀ nílé

Ìdáhùn: Yíńkì kò jẹ̀bi. Omi ló pọ̀ jù nínú yíńkì ẹ̀rọ yín, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi wọ̀ sí kó tó lè gbẹ. Pépà dídán ti ilé ìtẹ̀wé ńlá, yíńkì olóròóró ni wọ́n ṣe é fún, ojú rẹ̀ sì ti dí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ bíi tiyín ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, inú ihò wọ̀nyẹn ni yíńkì ń wọ̀ lọ. Kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, inkjet, tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ tó ń wọ́n yíńkì, lára páálí pépà. Bí kò bá sí níbẹ̀, pépà tí kò dán rárá ni kí ẹ mú. Yíńkì yóò wọ̀ ọ́ láìsí ìjà.

Ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ léésà, tiyín tún yàtọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fi pépà fọ́tò tí wọ́n ṣe fún inkjet sínú ẹ̀rọ léésà láéláé. Rólà tó ń yan tónà mọ́ pépà máa ń gbóná sún mọ́ 200 ní ìwọ̀n Celsius. Ọ̀dà ojú pépà fọ́tò lè yọ́ nínú ooru yẹn, kó lẹ̀ mọ́ rólà, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju owó gbogbo káàdì yín lọ.

Tónà kì í wọ inú pépà. Ìyẹ̀fun ni, oníke ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ooru ló ń yọ́ ọ mọ́ ojú pépà. Pépà tó nípọn sì máa ń gba ooru lọ́wọ́ rólà. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sórí ètò pépà lásán, tónà kò ní yọ́ tán. Ẹ fi èékánná ha á díẹ̀, yóò máa bó. Lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ẹ ti ń yan irú pépà, ẹ mú èyí tí wọ́n pè ní thick tàbí heavy. Ẹ̀rọ yóò rọra máa fa pépà, ooru yóò sì ráyè ṣiṣẹ́.

Ní ti híhá, ẹ wo ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ mọ iye gsm tó lè gbé. Ìwé náà sábà máa ń kọ méjì: ti dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, tó kéré, àti ti ẹnu ẹ̀yìn, tó pọ̀ jù. Pépà tó bá ti dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ wọlé, ó sábà máa ń yí po nínú ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣẹ́ kọ́nà kó tó jáde. Pépà líle kò lè ṣe ìyẹn. Ẹnu ẹ̀yìn ni kí ẹ ti fi í sínú ẹ̀rọ, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ léésà yín bá ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ ṣí i kí pépà lè gba ibẹ̀ jáde tààrà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yí pépà líle padà láti tẹ ojú kejì. Ẹ tẹ ojú kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fọwọ́ yí i. Kí ojú kejì má baà dorí kodò, ẹ fi pẹ́ńsù ya ọfà sórí pépà lásán kan, ẹ fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ wo ibi tí ọfà náà kọjú sí bó ṣe jáde. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀.

Ìbéèrè: Káàdì dídán ni mo fẹ́, àmọ́ tí mo bá fẹ́ kọ orúkọ sí inú rẹ̀, bírò á máa yọ̀, gẹ́gé onígẹ́ẹ̀lì á sì máa ra. Kí ni kí n ṣe? — Ọlọ́wọ́ yíńkì

Ìdáhùn: Ẹ béèrè pépà tó dán lójú kan ṣoṣo. Wọ́n ń ṣe é dáadáa: ojú òde á máa kọ yẹ̀rì bí fọ́tò, inú á rí bíi pépà lásán tí bírò ń kọ lára rẹ̀ láìjanpata. Fún káàdì alákàá, òun ni à bá fi ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti ra èyí tó dán lójú méjèèjì, ẹ gé pépà tí kò dán, 100 sí 120 gsm, kó fi mìlímítà 5 kéré sí káàdì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká òun náà sí méjì, ẹ fi gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìká rẹ̀ nìkan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú káàdì. Ara rẹ̀ ni ẹ ó ti kọ̀wé. Tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù kún gbogbo ojú rẹ̀, yóò hunjọ.

Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ tọrọ ẹyọ kan, ẹ mú gẹ́gé tí ẹ ó lò gan-an dání. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé kò gbọdọ̀ ka tó ẹẹ́wàá, torí ọwọ́ tirẹ̀ ló máa ń kọjá lórí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ilé ìtẹ̀wé tó bá sì ní òun fẹ́ fi ọ̀rá bo káàdì kó lè jọ̀lọ̀ bí àrán, ẹ sọ fún un pé òde nìkan ni.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti ká káàdì, àwọ̀ á sán lójú ìká, ìlà funfun á sì hàn. Mo ti gbìyànjú pépà mẹ́ta, kò yàtọ̀. — Olùkáàdì tó ti sú

Ìdáhùn: Ó jọ pé pépà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ká lòdì sí fọ́nrán rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe pépà, fọ́nrán inú rẹ̀ máa ń nà gbọọrọ sí apá ibi tí ẹ̀rọ ń fà á lọ. Pépà wá dà bí igi: èèyàn lè la igi lóòró wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ níbùú yóò rí ṣákaṣàka. Ojú ìká tó bá fọ́nrán rin ọ̀nà kan náà á gún régé. Èyí tó bá dá fọ́nrán kọjá ni yóò sán.

Láti mọ ibi tí fọ́nrán kọjú sí, ẹ mú ewé pépà kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ láìká a pa. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì wá pàdé ara wọn, kí ẹ tún mú ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì. Apá tó bá tẹ̀ wẹ́rẹ́ láìjà ni apá tó yẹ kí ẹ ti ká a. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gé wẹ́wẹ́ kékeré onígun mẹ́rin lára rẹ̀, ẹ fi omi ra ojú kan. Yóò lọ́ di bí ọ̀pá ihò; fọ́nrán dúró lóòró ọ̀pá náà. Lára ọ̀pọ̀ páálí, wọ́n máa ń fa ìlà sí abẹ́ ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjèèjì tó sọ bí ewé náà ṣe tóbi tó. Apá tí nọ́ńbà onílà yẹn ń sọ ni fọ́nrán kọjú sí.

Ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyí: púpọ̀ nínú pépà A4, fọ́nrán rẹ̀ ń bá 297 mm rìn. Bí ẹ bá ká irú rẹ̀ sí méjì kó di A5, ẹ ti dá fọ́nrán kọjá nìyẹn. Bí ẹ bá wá kọ́kọ́ gé A4 náà sí méjì, tí ẹ sì ká ìdajì kọ̀ọ̀kan kó di A6, ojú ìká yóò bá fọ́nrán rìn. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì ńlá lè ra A3 tí fọ́nrán rẹ̀ ń bá 420 mm rìn, kó gé e sí méjì. A4 tó bá tibẹ̀ jáde ṣe é ká sí A5 láìsí wàhálà.

Èkejì ni pé pépà tó bá ti kọjá nǹkan bí 170 gsm, ẹ gbọ́dọ̀ tẹ ojú ìká rẹ̀ kí ẹ tó ká a. Ẹ tẹ́ pépà lásán mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí abẹ́ káàdì. Ẹ fi rúlà onírin sí ibi tí ìká yóò wà, kí ẹ fi ohun tí ẹnu rẹ̀ kú fa ìlà tọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bírò tí yíńkì rẹ̀ ti tán pátápátá dára fún un. Ẹ kò ní gé e o, ẹ kàn fẹ́ tẹ fọ́nrán mọ́lẹ̀ ni. Ojú kan yóò ní kòtò, ojú kejì yóò wú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ibi kòtò sínú, àṣìṣe sì ni: ibi tó wú ló yẹ kó wà nínú káàdì, kí kòtò wà lóde. Bẹ́ẹ̀ ni òde kò ní nà jù débi tí yóò sán.

Tónà máa ń sán ju yíńkì lọ, torí orí pépà ló jókòó sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ dúdú tàbí pupa tó jinlẹ̀ kọjá lórí ojú ìká. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní funfun tàbí ní àwọ̀ fífẹ́rẹ́. Ooru léésà tún máa ń gbẹ pépà gan-an, pépà gbígbẹ sì tètè ń sán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí, kí ẹ ká a lọ́la.

Tí gbogbo rẹ̀ bá sì sú yín, ẹ má ká a mọ́. Káàdì Kérésìmesì tí Henry Cole ní kí wọ́n tẹ̀ ní London lọ́dún 1843, tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà, pẹlẹbẹ ni.

Ìbéèrè: Fọ́tò ẹbí wa dára lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ lórí pépà aláwọ̀ mílíìkì ó dà bí fọ́tò àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a tẹ lẹ́tà funfun sórí pépà dúdú dípò rẹ̀. Ṣé yóò ṣeé ṣe? — Àbúrò tó fẹ́ fọ́tò

Ìdáhùn: Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ ẹ̀rọ inú ilé kò ní yíńkì funfun. Gbogbo ibi tó bá yẹ kó funfun, ẹ̀rọ kàn ń fo ibẹ̀ ni, àwọ̀ pépà ló sì ń hàn. Lórí pépà dúdú, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ní tónà funfun, àwọn mìíràn lè fi ewé wúrà tàbí fàdákà tẹ lẹ́tà sí i. Láìsí ìyẹn, gẹ́gé funfun ni kí ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́.

Ohun kan náà ló bá fọ́tò yín. Yíńkì dà bíi gíláàsì aláwọ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń hàn. Ẹyin ojú àti eyín di àwọ̀ mílíìkì, àwọ̀ búlúù á fẹ́ máa jọ ewé. Pépà tí kò dán tún máa ń mu yíńkì, àwòrán á sì ṣókùnkùn ju ti ojú kọ̀ǹpútà lọ. Fọ́tò, orí pépà funfun tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ díẹ̀ ló yẹ ẹ́, kó má dán jù. Ẹ jẹ́ kó tó 300 dpi, ìyẹn àmì tóótòòtó 300 nínú íǹṣì kan, ní bí yóò ṣe tóbi tó lórí káàdì. Pépà aláwọ̀ mílíìkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún káàdì tó jẹ́ lẹ́tà àti àwòrán onílà. Ibẹ̀ ló ti rẹwà jù.

Funfun náà kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ń fi èròjà tó ń mú pépà tàn sínú òmíràn, ó máa ń fẹ́ jọ búlúù nínú oòrùn, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná inú ilé, ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Ẹ mú pépà káàdì àti àpò lẹ́tà síta, kí ẹ wò wọ́n pa pọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kí ẹ tó rà wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tẹ̀wé sórí pépà tó ń kọ mànà bí ìṣáwùrú, àbí èyí tí ojú rẹ̀ rí bí aṣọ híhun? — Olólùfẹ́ ẹwà

Ìdáhùn: Èyí tó ń kọ mànà, ẹ̀rọ léésà ló yẹ ẹ́; yíńkì olómi kì í sábà gbẹ lórí rẹ̀. Èyí tó rí bí aṣọ híhun, òdìkejì ni: tónà máa ń fo kòtò rẹ̀, àwọ̀ á wá ní àlàfo wẹ́wẹ́, nígbà tí yíńkì olómi máa ń dé ibẹ̀. Lẹ́tà tín-ín-rín kò dára lórí rẹ̀ rárá. Ẹ lo lẹ́tà tó sanra.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ àpò lẹ́tà tó gba káàdì mi àti ìwúwo rẹ̀ kí n tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́? — Afìwéránṣẹ́

Ìdáhùn: Káàdì A6, tó jẹ́ 105 × 148 mm, ń wọ àpò C6, tó jẹ́ 114 × 162. A5 ń wọ C5, 162 × 229. Káàdì 5 × 7 íǹṣì ń lo àpò tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní A7, 5¼ × 7¼ íǹṣì. A7 wọn yìí kò bá ẹgbẹ́ A4 tan o. A7 ti ẹgbẹ́ yẹn kò ju 74 × 105 mm lọ. Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìka ìwọ̀n rẹ̀, káàdì kò ní wọ̀ ọ́.

Ìṣirò ìwúwo kò le. Ewé A4 16 ló wà nínú mítà kan níbùú lóòró. Ẹ fi 16 pín gsm, ìwúwo A4 kan nìyẹn: 300 gsm fún yín ní gíráàmù 18.75. Ìdajì rẹ̀ tí ẹ ká sí A6 jẹ́ gíráàmù 9.4; pẹ̀lú àpò rẹ̀, bí 14. Odindi A4 tí ẹ ká sí A5, pẹ̀lú àpò C5, ń lọ sí bí 28. Ẹ fi èyí wé ibi tí owó sítáǹpù ti ń gòkè ní orílẹ̀-èdè yín. Fọ́tò kan tàbí pépà inú lè gbé yín kọjá ibẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù àti bọ́tìnnì tí a lẹ̀ mọ́ káàdì máa ń mú kó há sínú ẹ̀rọ tó ń ṣa lẹ́tà.

Ìbéèrè: Káàdì 60 ni mo fẹ́ ṣe. Ewé mélòó ni kí n rà? Èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá sì ti ká kò. — Aṣètò

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ A6 alákàá, A4 kan yóò fún yín ní méjì, ìyẹn ewé 30. Ẹ fi mẹ́ta sí mẹ́rin kún un fún ìdánwò, àti mẹ́ta mìíràn bí ẹ ó bá tẹ ojú méjèèjì, torí ojú kejì ni ìbàjẹ́ ti máa ń pọ̀. Ẹ ra 37, kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹ bá padà lọ rà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì lè má funfun bákan náà.

Ọ̀rinrin ló ká ti ọdún tó kọjá kò. Ojú kan mu omi inú afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ. Ẹ fi pépà sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, kó sùn pẹlẹbẹ, ẹ má ṣe gbé e nàró. Ẹ gbé e wá sí yàrá tí ẹ̀rọ wà ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ẹ tó ṣí i. Èyí tó ti ká kò, ẹ to ìwé ńlá lé e lórí fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Tí kò bá tẹ́ tán, ẹ má ṣe kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹ fi í dán gẹ́gé àti ojú ìká wò.